Lẹ́tà ṣíṣí sí H.R. ti ẹgbẹ́ Bad Brains, nípa ohùn rẹ̀ nínú àwo Into the Future

Ẹ̀gbọ́n wa H.R.,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́ lórí ìtàgé. Gbangba ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, torí gbangba náà ni àwọn tí mo fẹ́ dá lóhùn ti ń sọ tiwọn. Láti ìgbà tí Into the Future ti jáde ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni wọ́n ti ń sọ pé ohùn yín ti lọ. Wọ́n ní ẹni tó ń bú ramúramù ní 1982 ló wá ń kọrin bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn mẹ́ta yòókù ń sáré, ẹ̀yin ń rìn.

Òótọ́ ni pé ẹ ń rìn. Ìrìn yẹn gan-an ni mo wá dúpẹ́ fún. Òun ló sọ àwo náà di iṣẹ́ àgbà. Bí ẹ bá sì tún máa ṣe òmíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ariwo ìgbà èwe yín lé yín kiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún àwọn tó ń bá wa ka lẹ́tà yìí tí wọn kò mọ̀ yín dáadáa. Ọkùnrin adúláwọ̀ mẹ́rin láti Washington, D.C. àti agbègbè rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀: ẹ̀yin, tí orúkọ yín ń jẹ́ Paul Hudson, àbúrò yín Earl Hudson lórí ìlù, Gary Miller, tí gbogbo ayé ń pè ní Dr. Know, lórí gìtá. Darryl Jenifer lórí béèsì. Jáàsì ni ẹ kọ́kọ́ ń lù, Mind Power sì ni ẹ ń pe ara yín kí punk, orin gìtá líle tó ń sáré, tó dé bá yín ní 1977. Inú orin kan ti Ramones, ẹgbẹ́ punk kan ní New York, ni ẹ ti mú orúkọ Bad Brains. Láyé ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò nípa punk ni pé orin àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun tí kò mọ gìtá ta ni. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n ta. Nítorí ẹ mọ̀ ọ́n ta ni ẹ fi lè sáré ju gbogbo wọn lọ láìkọsẹ̀, tí àwọn tó ń wò yín nísàlẹ̀ ìtàgé sì lọ fi eré yẹn dá ohun tí a wá ń pè ní hardcore sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ gba ẹ̀sìn Rasta, rẹ́gẹ̀ wọlé, ó jókòó ti ariwo náà, kò sì dìde kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rí tí àwọn tó ń fi àná dá yín lẹ́jọ́ gbé dání ni kásẹ́ẹ̀tì 1982, èyí tó ní mànàmáná tó ń sán lu ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà lójú páálí rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Mo lè kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmọ́ ẹ rántí bí wọ́n ṣe gbé e jáde: kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni ilé iṣẹ́ ROIR ṣe nígbà náà, kò sí rẹ́kọ́ọ̀dù. Sítúdíò 171-A ní New York ni ẹ ti gbà á sílẹ̀, ohun èlò ibẹ̀ kò pọ̀, gbogbo ohùn sì ń ti ara wọn nínú rẹ̀ láti ríbi gbà kọjá. Ní irú ibẹ̀, akọrin tí kò bá kígbe kò ní dé etí ẹnikẹ́ni. Ẹ kígbe, ẹ sì kígbe dáadáa. Ẹ ń fò láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun dé òkè imú láàárín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tó bá ibẹ̀ mu ni ẹ ṣe. Ta ló wá sọ pé ohun tó bá kásẹ́ẹ̀tì ẹni ọdún 25 mu ni ó gbọ́dọ̀ bá rẹ́kọ́ọ̀dù ẹni ọdún 56 mu?

Kò sì jẹ́ òótọ́ pé igbe nìkan ni ẹ mọ̀ nígbà náà. Ní 1986, nígbà tí iṣẹ́ lórí àwo I Against I ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n Lorton ni ẹ wà nítorí igbó, ohùn yín kò sì tíì sí lórí orin Sacred Love. Orí tẹlifóònù ẹ̀wọ̀n ni ẹ ti kọ ọ́, tí Ron Saint Germain, ẹni tó darí iṣẹ́ àwo náà, sì gbà á sílẹ̀ láti òdìkejì. Ẹni tó bá gbọ́ orin yẹn mọ̀ pé tẹlifóònù ti jẹ gbogbo agbára tó wà nínú ohùn yín, ó ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó ṣẹ́ òkè rẹ̀ kúrò. Ohun tó ṣẹ́kù ni bí ẹ ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ibi tí ẹ ti ń dúró, ibi tí ẹ ti ń fà á. Ìyẹn nìkan gbé orin náà dúró. Ẹ ti jẹ́ ká mọ̀ láti ìgbà náà pé agbára yín kò sí nínú igbe, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dá yín lẹ́jọ́ nínú ìwé ìròyìn kò fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tó di 2012.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín gùn, n kò sì ní í tú gbogbo rẹ̀. Quickness jáde ní 1989, ẹ kúrò. Ẹlòmíràn, Israel Joseph I, ló kọrin nínú Rise ní 1993. Ẹ padà wá fún God of Love ní 1995 lábẹ́ Maverick, ilé iṣẹ́ Madonna. Ó tún túká. Ọdún 12 kọjá kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó tún ṣe àwo tuntun pọ̀. Ní oṣù kẹwàá 2006 ẹ wà lára àwọn tó ṣeré ní CBGB, ilé ìṣeré punk ní New York, ní ọ̀sẹ̀ tí ibẹ̀ ń kógbá sílé, nígbà tó sì di oṣù kẹfà 2007, Build a Nation dé. Adam Yauch ti Beastie Boys ló darí iṣẹ́ náà ní sítúdíò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Yauch, nítorí láìsí i a kò lè sọ̀rọ̀ Into the Future. Kí Beastie Boys tó di ẹgbẹ́ rap tí gbogbo ayé mọ̀, ọmọdé tó ń ta hardcore ni wọ́n ní New York. Ní oṣù kọkànlá 1981, ní alẹ́ tí ilé ìṣeré Max's Kansas City ní New York ṣeré ìkẹyìn, ẹ̀yin ni ẹ ṣeré ńlá, àwọn ni wọ́n ṣáájú yín lórí ìtàgé. Ọmọ ọdún 17 ni Yauch. Ọmọ yẹn dàgbà, ó lówó, ó lókìkí, ó sì padà wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ní sítúdíò kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè tún jókòó pa pọ̀. N kò mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú orin tó san irú oore bẹ́ẹ̀ padà. Nínú àwo náà ó jẹ́ kí ohùn yín dún nínú gbohùngbohùn, ó jìnnà, ó ń padà wá bí ìgbì. Wọ́n bá a wí fún un. Èmi rò pé ó gbọ́ ohun tí àwọn tó kù kò gbọ́: pé ẹ ti ń kúrò nídìí igbe, ó sì wá àyè fún yín láti kúrò.

Ó kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún 2012, ọmọ ọdún 47, lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ. Oṣù mẹ́fà lé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni Into the Future jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ Megaforce. Orin tó parí rẹ̀ ni MCA Dub. MCA ni orúkọ tí Yauch ń jẹ́ lórí ìtàgé.

Rẹ́kọ́ọ̀dù ni kí ènìyàn fi gbọ́ àwo yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Àwo oníínṣì 12 ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì yí eré rẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n òbìrí tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ létí àwo tóbi, èyí tó wà nítòsí àárín kéré. Létí àwo, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 ni ipa orin, ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sára àwo, fi ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí abẹ́rẹ́ tó dé òpin, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 21. Orin kan náà wá ní láti ká ara rẹ̀ jọ sínú àyè tí kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ohùn tínrín tó wà lókè ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀: páànù ìlù, gìtá tó ń han, ìró ahọ́n àti eyín akọrin. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í họ, wọ́n á ya. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi máa ń fẹ́ kí orin tó rọlẹ̀ parí ojú àwo kọ̀ọ̀kan.

Béèsì ní wàhálà tirẹ̀. Àyè ìbú ló ń gbà. Bó bá ti wúwo tó ni ipa orin kan á máa ti èkejì jìnnà, ìṣẹ́jú tí ojú àwo lè gbà á sì máa dín kù. Bí ẹni tó pò ó bá sì gbé béèsì sí apá kan ṣoṣo nínú sítẹ́ríò, abẹ́rẹ́ lè ta kúrò lójú ipa. Àárín gangan ni wọ́n máa ń gbé e sí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó eré hardcore àti béèsì dub, irú rẹ́gẹ̀ tí béèsì àti gbohùngbohùn gba iwájú nínú rẹ̀, sórí rẹ́kọ́ọ̀dù kan ti bọ́ sọ́wọ́ ìṣòro méjèèjì: ọ̀kan fẹ́ ohùn tínrín tó mú, èkejì fẹ́ ìbú. Ọgbọ́n tí ẹ lò ni pé ẹ kò ya wọ́n sọ́tọ̀. Rub a Dub Love wà láàárín àwọn orin líle, ó ń jẹ́ kí etí sinmi. MCA Dub sì wà ní ìparí pátápátá, níbi tí àwo ti há jù, níbi tí kò sí ohùn tínrín púpọ̀ láti bàjẹ́. Mi ò lè búra pé ẹ jókòó ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orin ìdárò fún ẹni tó kú bọ́ sí ibi tó yẹ ẹ́, béèsì Darryl sì dún níbẹ̀ láìsí ohun tó ń fà á sẹ́yìn.

Ẹ wá wo ohùn yín nínú gbogbo èyí. Ohùn tó bá ń kígbe lórí gìtá tó ń kígbe, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń dù lójú àwo. Nínú orin tó jẹ́ orúkọ àwo náà, gìtá Dr. Know wúwo, ó gba gbogbo òkè. Ẹ̀yin kò bá a jà. Ẹ wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fa ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé àkókò pọ̀ lọ́wọ́ yín, Earl sì ń yára lẹ́yìn yín, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Eré wà, ìfarabalẹ̀ wà, wọn kò sì fi ara wọn sílẹ̀. Ní 1982 ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ ń sáré pọ̀, ó sì dùn. Ní 2012, ẹnì kan dúró láàárín ìjì, a sì ń gbọ́ ìjì náà dáadáa sí i nítorí pé ẹnì kan dúró. Ọ̀pọ̀ akọrin hardcore tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń fipá ké igbe tí ara wọn kò lè gbé mọ́, a sì ń gbọ́ ipá náà. Ẹ̀yin kò fipá ṣe é. Ẹ yan ọ̀nà mìíràn.

Àwọn Yorùbá ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti gbọ́ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ta Pay to Cum, orin yín ti 1980, tó sì yára tó bí ẹ ṣe ṣe é. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n mọ̀ ọ́n. N kò tíì gbọ́ ọ̀dọ́ kankan tó lè kọ Maybe a Joyful Noise bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ohun tó wà nínú ohùn yẹn kò ṣeé kọ́ nínú gáráàjì tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi orin dánra wò.

Kì í ṣe gbogbo orin àwo náà ni mo fọwọ́ sí o. Popcorn kò wọ̀ mí lára rí títí di òní. Nínú We Belong Together, mo rò pé ọ̀rọ̀ orin náà kéré fún iṣẹ́ tí àwọn onílù àti onígìtá ṣe sí i. Bí a bá yọ méjì wọ̀nyẹn, àwo náà ì bá kúrú, ojú kọ̀ọ̀kan ì bá sì ní àyè sí i fún béèsì. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń gbé yín gẹ̀gẹ̀ láìyan kò ràn yín lọ́wọ́ ju àwọn tó ń bú yín lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni bí wọ́n ṣe ń ka ìtàn yín. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ yín sí àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn sí Rock and Roll Hall of Fame, ilé ọlá àwọn olórin ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹwàá 2016, tí wọn kò sì yàn yín, gbogbo ohun tí àwọn alátìlẹyìn yín fi ń jà fún yín kò kọjá 1986. Bí ẹni pé ẹ kò ṣiṣẹ́ kankan láti ìgbà náà. Mo mọ̀ pé ohun tó kọ́kọ́ jáde ló yí ayé orin padà. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tó túká lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tó tún padà wá ní àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àkọ́kọ́ tó sì ṣe àwo méjì tó gbọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láwọn ibì kan, ìtàn ńlá nìyẹn pẹ̀lú.

Lẹ́yìn àwo yìí ni ìdánwò dé. Ní oṣù kọkànlá 2015, ọkàn Dr. Know dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbé ẹ̀mí rẹ̀ dúró ní ilé ìwòsàn kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹ̀yin náà ní irú orí fífọ́ kan tó ṣọ̀wọ́n, tó le gan-an, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ sí orí yín ní 2017. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba fúnra yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín nítorí rẹ̀. Inú mi dùn pé ẹ wà láyé láti ka lẹ́tà yìí. Ohun tí mo ń sọ nípa ohùn yín, n kò so ó mọ́ àìsàn, ẹ jọ̀wọ́. Àwọn kan ti ń fi àìsàn ṣàlàyé gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe, títí kan èyí tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ìyẹn náà jẹ́ ìwà àìbọ̀wọ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́.

Ní 2021, ẹgbẹ́ yín tún gbé ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yín, Bad Brains Records, dìde pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Org Music, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn àwo àtijọ́ ṣe kí wọ́n lè padà sórí rẹ́kọ́ọ̀dù bó ṣe yẹ. Ó dára púpọ̀. Ohun tí ẹ bí ti padà sọ́wọ́ yín. Orí ìyẹn ni mo fẹ́ gbé ẹ̀bẹ̀ mi lé.

Bí ẹ̀yin àti Dr. Know àti Darryl àti Earl bá tún wọ sítúdíò, ẹ gbé ohùn yín síwájú nínú àpòpọ̀ orin. Gbohùngbohùn dára, a ti gbádùn rẹ̀ nínú àwo méjì. Ní báyìí ẹ jẹ́ ká gbọ́ yín ní gbẹrẹfu, kí a gbọ́ èémí. Ẹ má jẹ́ kí ojú àwo kan kọjá ìṣẹ́jú 18, kí béèsì lè ní àyè. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ orin sínú páálí rẹ̀, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó yẹ kí a lè ka ohun tó ń sọ. Bí ó bá jẹ́ pé rẹ́gẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ní lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó pọ̀ jù. Bí olùdarí kan bá sọ fún yín pé àwọn olólùfẹ́ yín ń retí igbe, ẹ fi lẹ́tà yìí hàn án.

Bí kò bá sì sí àwo tuntun mọ́, ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ló kù: nígbà tí ẹ bá tún gun orí ìtàgé, ẹ fi orin kan láti inú Into the Future sáàárín àwọn ti 1982. Maybe a Joyful Noise ni mo dìbò fún. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ sínú àwo náà, kí ẹ má sì yára.

Tiyín ní tòótọ́,
ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbọ́ yín